Abíyá Kì Í Ṣe Àga

Bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ni ọkùnrin kan ṣe rọ̀ sórí ọ̀pá méjì tó há sí abíyá nígbà tí Tíṣà kọ́kọ́ rí i. Ó ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú nǹkan funfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, èjìká rẹ̀ méjèèjì ti sún dé etí, gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ sì wà lórí abíyá. Síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín. Ó ń kí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn.

Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí obìnrin náà ti ń kọ́ àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa tún rìn, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé ìwòsàn fi ń pè é ní Tíṣà. Nínú ọdún mẹ́sàn-án yẹn, kò sí ohun tó ń bí i nínú tó kí èèyàn máa fi abíyá jókòó sórí ọ̀pá.

“Ẹ dúró níbẹ̀,” ó ní.

Ọkùnrin náà dúró. “Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá wa.”

“Ẹ káàárọ̀. Ta ló kọ́ yín ní ìrìn yẹn?”

“Èmi náà ni mo kọ́ ara mi. Ẹ̀bùn ni.”

“Ẹ̀bùn burúkú gbáà ni. Abíyá kì í ṣe àga. Ọwọ́ lẹ máa fi gbé ara yín, kì í ṣe abíyá. Ta ló wọn ọ̀pá yìí fún yín?”

“Ọ̀rẹ́ mi kan ló yá mi. Ó ga jù mí lọ díẹ̀.”

“Ó ga jù yín lọ díẹ̀.” Tíṣà mí kanlẹ̀. “Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́, kí n tó sọ ohun tí mi ò fẹ́ sọ.”

Iṣẹ́ télọ̀ ni ọkùnrin náà ń ṣe, Télọ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é. Kọ́tìnì mọ́kànlá ló kó mọ́ra lọ́jọ́ tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ibi tó ti ń ránṣọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tàsé àtẹ̀gùn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń pariwo pé kó ju kọ́tìnì náà nù, kó di ògiri mú. Kò jù ú nù.

“Kò sí ìkankan tó dọ̀tí níbẹ̀,” ó sọ ọ́ fún Tíṣà pẹ̀lú ìgbéraga. “Bí mo ṣe gbé e kúrò lókè náà ni oníkọ́tìnì ṣe gbà á.”

“Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ lè jinná. Kọ́tìnì funfun kì í jinná.”

Tíṣà kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín ni àbí kó lé e jáde. Ó tú ìdè ara ọ̀pá náà, ó dín gíga rẹ̀ kù títí ìka mẹ́ta fi lè wọ àárín orí ọ̀pá àti abíyá. Ó mú un rìn lọ, ó mú un rìn bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ìgbà tó bá ní “ọwọ́, ọwọ́, kì í ṣe abíyá,” Télọ̀ á ní “bẹ́ẹ̀ ni, mà,” bí ọmọ ilé ìwé.

“Kí ló tiẹ̀ wà nínú abíyá tí ẹ fi ń jà fún un báyìí?” Télọ̀ bi í. “Abíyá tí mo mọ̀ ni ti aṣọ. Tí èèyàn bá gé e kéré jù, aṣọ náà á máa fún ẹni tó wọ̀ ọ́, kò ní lè gbé apá.”

“Ẹ ti fẹ́ẹ̀ dáhùn ìbéèrè ara yín. Ṣé ẹ ní nǹkan tí mo lè fi kọ̀wé?”

Télọ̀ ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù jáde, èyí tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ. Tíṣà ká apá ẹ̀wù Télọ̀ sókè dé èjìká, ó gbé ṣọ́ọ̀kì náà lé ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀.

“Ibí yìí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò márùn-ún ni, láti inú egungun ọrùn. Àwọn ni okùn tí ọpọlọ fi ń bá ọwọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n á dì mọ́ra, wọ́n á tún pínyà, wọ́n á tún dì mọ́ra, bí irun tí wọ́n ń dì. Wọ́n á wá gba abẹ́ egungun èjìká iwájú yìí, wọ́n á wọ inú abíyá.” Ṣọ́ọ̀kì náà ń sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀. “Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín sọ́nà. Èyí yí èjìká po, òun ló ń jẹ́ kí ẹ lè gbé apá sókè. Èyí gba iwájú apá, òun ló ń ká ìgbọ̀nwọ́. Méjì yìí ń lọ sí àtẹ́lẹwọ́ àti ìka. Èyí tó kù, tẹ̀yìn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ó gba ẹ̀yìn apá, ó lọ́ mọ́ egungun, ó wá lọ sí ẹ̀yìn ọwọ́. Òun ló ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè. Tí ẹ bá ń fi abíyá jókòó sórí igi, ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá sú u, ọwọ́ yín á rọ̀ wọ̀ọ̀. Ṣé ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Kò gbọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì ti kan ọrùn rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń wo bí Tíṣà ṣe máa ń fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú tó bá ń ronú, ibẹ̀ ló sì wà títí ẹ̀kọ́ fi parí.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wá lẹ́yìn ìyẹn. Tó bá ti ku díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà Tíṣà, á na ara ró, á máa fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ bí ẹni iyì. Lọ́jọ́ kan ó wò ó tìtì, ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o. Kóòtù iṣẹ́ yín yẹn, ta ló rán an?”

“Kí ló ṣe é?”

“Abíyá ẹ̀ ń fà yín. Ẹ ń kọ́ gbogbo ayé ní ọ̀rọ̀ abíyá, tiyín rèé nínú ìdè.”

“Iṣẹ́ mi lẹ wá gbà níbí ni, àbí iṣẹ́ yín lẹ wá polówó?”

“Ọ̀kan ò di ìkejì lọ́wọ́.”

Ó gba kóòtù náà lọ tipátipá. Nígbà tó gbé e dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, Tíṣà wọ̀ ọ́, ó gbé apá méjèèjì sókè, kò sí ohun tó fà á. Ó bí i nínú pé ó dára tó bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fipá gba ọpẹ́ lẹ́nu rẹ̀, Télọ̀ sì rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ẹnu géètì.

Ṣùgbọ́n ohun tí Tíṣà kò mọ̀ ni pé bí Télọ̀ bá ti kúrò lójú òun, ìrìn àtijọ́ ló ń rìn. Èyí tó burú jù ni ti ìdí iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti fún un ní aṣọ ọgọ́ta láti rán. Àti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń dúró nídìí tábìlì tó ti ń gé aṣọ, ó há ọ̀pá méjèèjì sí abíyá, ó fara tì wọ́n, ó ń gé lọ. Ìyá rẹ̀, tó máa ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro ó.

“Jókòó, ọmọ yìí!”

“Màmá, èèyàn kì í jókòó gé aṣọ.”

“Èèyàn kì í kú nídìí aṣọ náà!”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ mú un, ìka rẹ̀ kò là. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, apá gòkè, ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e dúró, ó fi sílẹ̀, ó tún wó. Ìyá rẹ̀ ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Mo gbé o! Kí ló ṣe é?”

“Ọ̀pá yẹn ni. Ó tẹ nǹkan nínú abíyá.”

“Wọn ò wá sọ fún ẹ níbi tí o ń lọ yẹn ni? Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí o ń para dà lọ yẹn, wọn ò sọ pé ọ̀pá lè pa ọwọ́ èèyàn?”

Télọ̀ wo ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, àmọ́ láti kékeré ni obìnrin yìí ti ń pè é ní elétí dídi. Ojú tì í. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi.”

Ìyá rẹ̀ kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó so gèlè mọ́rí, ó gba ilé ìwòsàn lọ, ó wọlé tọ ọ̀gá àgbà, ó sì sunkún síbẹ̀. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo tí òun ní, ọwọ́ ló fi ń jẹun, obìnrin kan gbé igi há a lábíyá láìkọ́ ọ ní nǹkan kan. Kó tó di ọ̀sán, ìwé ti dé ọ̀dọ̀ Tíṣà. Kó má fọwọ́ kan aláìsàn kankan mọ́ láti ọ̀la, títí wọ́n á fi wádìí.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń kà á lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí Télọ̀ yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń fì dirodiro. Kò tíì mọ̀ pé ìyá òun ti wá síbẹ̀.

“Jókòó,” Tíṣà wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní ‘ẹ’. “Gbé e sókè.”

“Kò ṣe é gbé.”

“Na ìka.”

“Kò nà.”

Ó fi òwú tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Kò mọ̀ ọ́n lára. Ó yẹ abíyá wò, ó yẹ ẹ̀yìn apá wò, ó ń mí bí ẹni tó sá eré dé.

“Kò já,” ó wí nígbẹ̀yìn. “O tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dákú ni. Á jí. Ó lè gba oṣù méjì, ó lè gba mẹ́ta. O ò gbọ́dọ̀ gbé abíyá lé ọ̀pá yẹn mọ́, láéláé.” Ó mú pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ó fi aṣọ dì í mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kó lè dúró. Ìgbà tó so ó tán ló tó gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. “Ka ìyẹn.”

Télọ̀ kà á. Ojú rẹ̀ ṣú.

“Màmá mi…”

“Màmá rẹ ò sí níbí lọ́jọ́ tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ẹ lára! Kí lo sọ fún wọn?”

Télọ̀ gbé ìwé náà kalẹ̀. “Mo ní wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Ojú ló tì mí.”

“Ojú tì ọ́, o wá ń fi ojú tèmi bo tìrẹ.” Tíṣà dìde. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. “Mo ti bá olórí kunkun pàdé níbí. Mo ti rí ọlẹ, mo ti rí aláròyé. Mi ò tíì rí ẹni tó máa gba ìmọ̀ mi, tó máa gba sùúrù mi, tó tún máa…” Ó gbé ẹnu kúrò níbẹ̀. “Ọ̀gbẹ́ni tó wà ní yàrá òdìkejì ni yóò máa tọ́jú ẹ. Má wá síbí mọ́.”

Nínú ọkọ̀ tó gbé Télọ̀ lọ sílé, kò rí nǹkan kan tó kọjá lójú fèrèsé. Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ ti se oúnjẹ, ara rẹ̀ sì yá gágá bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun.

“Mo ti bá ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á mọ̀ pé o níyàá.”

“Màmá, irọ́ ni mo pa.”

“Irọ́ èwo?”

“Ó sọ fún mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló sọ fún mi. Ó yàwòrán ẹ̀ sí mi lára, ó mú mi rìn lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló tún ń sọ ọ́. Èmi ni mi ò gbọ́.”

Ìyá náà gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wò ó títí. “O jẹ́ kí n lọ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́? Èmi, pẹ̀lú ewú orí mi? O jẹ́ kí n sunkún níwájú ọ̀gá àgbà wọn, tó ń nu ojú mi?” Ó pàtẹ́wọ́. “Áà! Etí dídi sàn. Etí dídi kì í purọ́.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. “Dìde, ká lọ. Ẹnu tí a fi ba nǹkan jẹ́ náà la máa fi tún un ṣe.”

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wo àwọn méjèèjì bí ẹni tí iná kú mọ́ lójú. “Màmá, àná lẹ ní kò kọ́ ọ. Òní, ó kọ́ ọ. Ọ̀la ńkọ́?”

“Ọ̀la, a ò ní wá,” ìyá náà wí. “Ọmọ mi ló purọ́. Òun ló fẹ́ sọ ọ́ fúnra ẹ̀.”

Télọ̀ sọ ọ́, kò fi ìkankan pamọ́. Ọ̀gá àgbà ní kó fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ọwọ́ òsì ni Télọ̀ fi mú bírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Kí lẹ kọ síbẹ̀ yìí?”

“Orúkọ mi ni, sà.”

Ọ̀gá àgbà mí kanlẹ̀, ó gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n yí ìwé àná padà, Tíṣà sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣé inú Tíṣà wá rọ̀? Rárá o. Télọ̀ ń wá sí yàrá òdìkejì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà Tíṣà, á ní, “Ẹ káàárọ̀, Tíṣà.” Tíṣà á ní, “Ẹ káàárọ̀.” Ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá, Tíṣà á yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá kan rìn báyìí, ní ọwọ́ òsì, irú èyí tí kì í dé abíyá rárá. Inú á bí i pé òun tún yọjú, á sì padà sí ìdí tábìlì rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan àti díẹ̀, ìyá Télọ̀ wá. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Tíṣà yára dì í mú.

“Ẹ dákun, Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Mo wá bẹ̀ ọ́ lórí ohun tí mo fi ẹnu mi ṣe. Kò yẹ kí n má wádìí.”

“Mo ti gbàgbé ẹ̀, mà.”

“O ò tíì gbàgbé ti ẹnì kejì.” Obìnrin náà jókòó, ó tú gèlè rẹ̀ díẹ̀. “Ṣé kí n sọ òótọ́ fún ẹ? Ó ti sú mi. Tó bá jẹun tán, á jókòó, á máa wo ọwọ́ náà. Mo ní kó lọ bá ẹ, ó ní o ti ní kóun má wá. Ìgbà tí mo ń ní kó ṣe nǹkan fún odidi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò gbọ́. Èyí tó yẹ kó má gbọ́, òun ló wá gbọ́! Ọmọ mi, tí o bá fẹ́ bínú sí i, mo bẹ̀ ọ́, bá mi bínú sí i lójú ẹ̀.”

Ẹ̀rín sọ lẹ́nu Tíṣà kó tó lè mú un. Ó rín in títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló fa gbogbo rẹ̀.

Ó tún tó ọjọ́ mọ́kànlá. Tíṣà ń kọ nǹkan sínú ìwé nígbà tí òjìji kan ṣú sẹ́nu ọ̀nà. Télọ̀ ni. Kò wọlé.

“Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má wá. Mo fẹ́ fi nǹkan hàn yín, kí n máa lọ.”

Ó na apá ọ̀tún síwájú. Pátákó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ le, ó di eyín pọ̀, ọrùn ọwọ́ náà sì gbọ̀n, ó gòkè. Kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Ó dúró bí ìgbà tí èèyàn bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó wá sọ̀ kalẹ̀.

Tíṣà kò mọ ìgbà tí òun dìde. Ó ti di ọwọ́ náà mú. “Tún un ṣe.” Ó tún un ṣe. “Tún un ṣe! Àtàǹpàkò ńkọ́? Gbé e. Ṣé o rí i? Ó ti ń jí! Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló dé tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ò sọ fún mi?”

“Àárọ̀ yìí ni. Mo ní ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí i.”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Tíṣà. Àwọn méjèèjì sì mọ̀.

“Ṣé ẹ ṣì ń bínú?”

“Mò ń bínú.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Ṣé mo mọ̀ ni? Mo bínú nígbà tí o ń wá, mo bínú nígbà tí o ò wá. Mo ti bínú sí ẹ ju gbogbo aláìsàn tí mo tíì ní lọ, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo fẹ́ máa bínú sí. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.”

Télọ̀ fara balẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi òwú wọ abẹ́rẹ́. “Oṣù méjì ti fẹ́ẹ̀ pé tí mi ò ti jẹ́ aláìsàn yín mọ́.”

“Mo mọ̀. Mò ń kà á.”

Èyí tó kù, wọ́n sọ ọ́ lójú ọ̀nà, nígbà tí iṣẹ́ parí tí wọ́n jọ ń rìn lọ sílé. Wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrọ̀lẹ́ mìíràn. Wọ́n jà lórí ẹni tó ń rìn yára jù, wọ́n jà lórí ẹni tí kò jẹun lọ́sàn-án. Nígbà tí Télọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún gé aṣọ àkọ́kọ́, ó gbọ́ igbe Tíṣà láti ẹnu ọ̀nà pé, “Jókòó!” Ó jókòó kíá. Ìyá rẹ̀ wo ìyẹn, ó gbé ojú sókè ọ̀run, ó ní òun ti sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún lásán.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, Télọ̀ lọ rí bàbá Tíṣà. Ẹni tó ń tún agogo ṣe ni bàbá náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì dúró kí ó sọ ohun tó gbé e wá. Tíṣà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín,” Télọ̀ wí. “Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lóhùn, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Mo ti purọ́ mọ́ ọn rí. Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí mi.”

“Ta ló bi ọ́?” Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dìde. “Bàbá ò bi ọ́! Ta ló ní kí o sọ ìyẹn?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ níta lọ́jọ́ kan.”

Ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tíṣà fi ọwọ́ bo ojú. Bàbá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Nígbà tó parí, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Wọ́n fún ẹ ní ìwé níbi iṣẹ́, o ò sọ fún mi?”

“Ẹ máa lọ bá a jà ni, Bàbá.”

“Nígbà tí inú ẹ ṣì ń ru sí i nìyẹn, o ti ń dáàbò bò ó?”

Tíṣà kò gbé ọwọ́ kúrò lójú.

“Ṣé o fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?”

“Bàbá, ó ti sú mi tán.” Ó ṣí ojú, ó wo Télọ̀, tó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. “Ó sú mi, mo sì fẹ́ ẹ.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mi ikùn bàbá àgbàlagbà náà kó tó yọ síta. “Bí ìyá ẹ, olóògbé, ṣe sọ ọ́ fún bàbá tiẹ̀ nípa tèmi gan-an nìyẹn. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.” Ó nawọ́ sí Télọ̀. “Ó dáa, ọmọ mi. Mo gbà.”

Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ní òun gbàgbé nǹkan kan nínú yàrá, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

“Tún purọ́ mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i,” Tíṣà wí jẹ́ẹ́jẹ́, “wàá rí i.”

“Mi ò jẹ́ tún un ṣe láyé mi, olólùfẹ́ mi.”

Tíṣà sún mọ́ ọn, ó gbé orí lé e léjìká. “Ó yẹ kí o ti pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́,” ó ní. “Gbogbo nǹkan ni ìwọ máa ń fi falẹ̀.”